Bẹ́ẹ̀ Ni Tí Alága Ń Wí

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí bá di gíláàsì ọtí ẹlẹ́rìndòdò mú, tó rẹ́rìn-ín sí yín, tó ní, "Báwo ni iṣẹ́?", kí lẹ máa wí? Ẹ máa ní, "A dúpẹ́." Òun náà á ní, "A dúpẹ́ náà ni." Ẹ̀yin méjèèjì á wá dúró síbẹ̀, ẹ máa wo òkè àjà, ẹ máa wo bàtà yín, títí ọ̀kan nínú yín á fi rí ẹlòmíì tó fẹ́ lọ bá dúpẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní Ìpàdé Ká-Mọra-Wa nìyẹn o. Oṣooṣù ni wọ́n ń ṣe é, fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, kí oníṣẹ́ lè mọ oníṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí, kò tíì dé etígbọ̀ọ́ mi.

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bí wọ́n bá dárúkọ ìpàdé yẹn létí rẹ̀, á ti máa wá ibi tó máa sá gbà. Dókítà Etí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í ṣe dókítà o, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yẹ etí èèyàn wò, kó mọ ibi tí ìgbọ́ràn onítọ̀hún dé, kó sì wá ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó bá a mu, kó fi sí i létí. Ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò sí àkókò à ń dúpẹ́. "Ẹ jókòó. Etí wo ni? Ta ló kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ ò gbọ́ràn mọ́, ṣé ìyàwó ni àbí àwọn ọmọ?" Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. Wọ́n á sọ gbogbo rẹ̀ fún un: bí ọmọ ọmọ wọn ṣe ní àwọn ò fẹ́ràn òun, bí wọ́n ṣe fi ìdáhùn òdì ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó jẹ́. Á gbọ́ ọ tán pátá. Dókítà Etí lè fi odindi òwúrọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi, kó má rẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí kò ní nǹkan nínú ló máa ń rẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ yẹn sì kọ́ ọ ní ìwà kan. Ẹni tí etí rẹ̀ bá ti ń kú, ẹnu ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ló ń wò tó fi ń mọ ohun tó ń sọ, àmọ́ òun alára lè má mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn. Nítorí náà, bí Dókítà Etí bá fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn ń gbọ́ lóòótọ́, á fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀, á rẹ ohùn sílẹ̀, á ní, "Ẹ máa wí tẹ̀lé mi: àga. Ìlẹ̀kùn. Aṣọ." Ẹni tó bá gbọ́ á wí tẹ̀lé e. Ẹni tí kò bá gbọ́, ojú rẹ̀ á ṣe bíi ti ẹni tí wọ́n paná mọ́ lórí lójijì. Ó ti ṣe é títí ó ti di bárakú. Bó bá ń bá ẹlẹ́ran sọ̀rọ̀, ọwọ́ ti dé ẹnu. Bó bá ń gbàdúrà, ọwọ́ ti dé ẹnu. Ọkọ rẹ̀ á ní, "Ìyàwó mi, yọwọ́ lẹ́nu ná, kó o tó bá mi jà pé n ò gbọ́ ohun tó o sọ."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣì wà nínú iṣẹ́ náà, kò sí wàhálà. Ẹ̀gbọ́n ló ń lọ sípàdé, òun ló ń bá onílé ṣàwàdà, òun ló mọ orúkọ ọmọ gbogbo èèyàn. Àbúrò mójú tó etí, ẹ̀gbọ́n mójú tó ẹnu. Àfi bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ṣe rí iṣẹ́ sí ìlú mìíràn, tí ọkọ sì kó tọ̀ ọ́ lọ. Ó gbé ẹnu rẹ̀ lọ, ó fi yàrá ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

Lórí yàrá ìdákẹ́jẹ́ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé, nítorí náà ẹ fetí sí mi. Yàrá kékeré ni, àga kan ló gbà. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ wọ inú ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù: ó to pákó, ó to fóòmù lé e, ó tún to pákó lórí fóòmù, ó wá fi ìlẹ̀kùn kan tó nípọn bí irọ̀rí tì í. Bí èèyàn bá wọ ibẹ̀ tí wọ́n tilẹ̀kùn, ariwo mọ́tò ìta á kú fin-ín, èémí ara rẹ̀ ni yóò máa gbọ́. Ibẹ̀ ni Dókítà Etí ti ń yẹ etí wò, kò sì sí bó ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò níbòmíràn. Kò ṣeé tú, kò ṣeé gbé. Bí wọ́n bá lé e kúrò nínú ilé yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ tán nìyẹn.

Wọ́n sì ti fẹ́ lé e. Onílé àtijọ́ ta ilé, ẹni tó rà á sì ni bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Alága, torí òun ni alága Ìpàdé Ká-Mọra-Wa yẹn gan-an. Kò pẹ́ tó rà á ni olùtọ́jú ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn kiri: kí kálukú kó ẹrù rẹ̀ kọ́dún tó parí, Alága fẹ́ wó inú ilé náà, kó tún un ṣe. Àwọn ayálégbé ní kò burú, àwọn á lọ bẹ bàbá. Aránṣọ tó wà lókè bá a nípàdé, ó bẹ̀ ẹ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ni Alága wí, ó tún gbá a léjìká jẹ́jẹ́. Lọ́yà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aránṣọ náà lọ. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni." Wọ́n fò sókè, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, olùtọ́jú ilé tún dé: ṣé wọ́n ti ń di ẹrù?

"Ẹlẹ́nu méjì ni bàbá yẹn," lọ́yà wí. "Ó ń fi èkíní gbà, ó ń fi èkejì lé wa."

Ayàwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókítà Etí, Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò là ń pè é. Ó dàgbà jù ú lọ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì mọ ìsinmi. Òun náà ti gba bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ tó kù, ẹnu Dókítà Etí ni.

"Ìwọ nìkan ni kò tíì lọ bá a," ló ń wí láràárọ̀. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀, kí lẹ rí gbà?"

"Àwa ò ní nǹkan tá a lè tọ́ka sí. Ìwọ ní yàrá. Tí bàbá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yàrá yẹn, àánú á ṣe é, á fi gbogbo wa sílẹ̀."

"Ẹ bá mi sọ ọ́ fún un nígbà náà."

"Yàrá ẹ, ẹnu ẹ."

Ni Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò bá ní kó wá kẹ́kọ̀ọ́. Ó gbé e jókòó sórí àpótí tó máa ń gbé àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà lé, ó tan iná sí i lójú, ó ní, "Tí wọ́n bá ní báwo ni iṣẹ́, o ò gbọdọ̀ sọ bí iṣẹ́ ṣe rí o."

"Kí ló dé tí wọ́n fi bèèrè?"

"Wọn ò bèèrè. Wọ́n ń kí ẹ ni."

"Kí wọ́n kí mi! Ṣé ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ti wọ́n lọ́jà ni? Ẹ kú ìdúró ńkọ́? Ẹ kú àtijọ́ ńkọ́? Nínú gbogbo kíkí tí Ọlọ́run fún wa, kò sí èyí tó tó wọn, àfi kí wọ́n bi mí ní ohun tí wọn ò fẹ́ gbọ́?"

"Ó dáa. Sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́."

"Ṣé àwọn ò rí ojú ọjọ́ ni?"

Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò gbé kámẹ́rà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá orí mú. "Má jẹ̀ẹ́ kí n ṣẹ̀ ẹ́," ó ní. "Rẹ́rìn-ín, gbà pẹ̀lú wọn, kó o sún sọ́dọ̀ Alága díẹ̀díẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn ilé ìtura kan ni wọ́n ti ń ṣe é, òrùlé rẹ̀ lọ sókè, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta dídán, orin ń lọ lábẹ́, èèyàn sì pọ̀. Ariwo bá òkúta, ó bá dígí, ó tún padà sórí èèyàn. Bí Dókítà Etí ṣe wọlé ló ti mọ̀ pé yàrá burúkú ni fún etí. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí bébà kékeré kan, kó lẹ̀ ẹ́ máyà. Ó kọ "Etí". Kò tíì rìn jìnnà tí ẹnì kan fi bi í bóyá yẹtí ló ń tà.

Ọkùnrin kan tó ń ta ìlẹ̀kùn ló kọ́kọ́ dá a dúró. "Báwo ni iṣẹ́?"

Ẹ̀kọ́ fò lọ lórí Dókítà Etí. "Kò dáa," ó ní. "Wọ́n fẹ́ lé mi nílé. Ẹ̀rọ mi kan ń ṣe gìrì. Láàárọ̀ yìí, ẹ̀wà gbígbẹ ni mo bá nínú etí ọmọ kan, ó ti fẹ́ máa hù."

Oníìlẹ̀kùn wo inú gíláàsì rẹ̀. "A dúpẹ́," ó wí, ó sì rọra yẹra bí ẹni tí ẹ̀wà náà lè ràn.

Dókítà Etí ní òun á ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin adójútòfò kan, oníǹṣọ́ránsì, dé, ó dùn ún wò, ó ń rẹ́rìn-ín. Dókítà Etí náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ojú ọjọ́ dáa lónìí." Àmọ́ ọwọ́ ti dé ẹnu, ohùn ti rẹlẹ̀, bárakú ti ṣe tirẹ̀. Obìnrin yẹn rò pé àṣírí ni. Ó sún mọ́ ọn. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà sún mọ́ ọn. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ni?" Dókítà Etí ní ojú ọjọ́ ni òun sọ. Wọ́n wo ara wọn lójú. "A mọ̀," adójútòfò wí, "àwa náà kì í sọ ọ́ síta." Kò tíì débi tábìlì ìpanu tí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí fi fà á lápá: "Wọ́n ní ẹ mọ nǹkan kan nípa Alága."

Háà! Ara ta á, àfi bíi kó jókòó sílẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ gidi tó ní lẹ́nu, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ asán kan ṣoṣo tó sọ, wọ́n ń pín in kiri. Bí kì í bá ṣe ti yàrá yẹn, ìlẹ̀kùn ni ì bá kọjú sí, kó máa lọ sílé.

Àárín gbọ̀ngàn ni Alága wà, èèyàn yí i ká. Bàbá náà wuyì, ó wọ kóòtù, ó dé fìlà, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n bá sọ̀rọ̀, á mi orí. Wọ́n bá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, á tún gbá ẹni tó bá sún mọ́ ọn léjìká. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, òun nìkan ni ariwo yẹn kò dà láàmú. Gbogbo ẹni tó bá kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ á ní, "Bàbá mọ èèyàn bá sọ̀rọ̀."

Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò ti Dókítà Etí síwájú. "Ó yá, sọ ọ́!"

Ó bọ́ síwájú bàbá. Ọwọ́ gòkè lọ bo ẹnu. "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mò ń ṣiṣẹ́ etí ní ìsàlẹ̀ ilé yín. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé gbé lọ síbòmíràn, òun ni iṣẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa jẹ́ kó dúró?"

Ojú Alága wá ẹnu rẹ̀, ọwọ́ ló bá. Ó ṣẹ́jú, ó tún ṣẹ́jú. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni," ó wí, ó sì gbá a léjìká.

Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò já a léèékánná lápá nítorí ayọ̀. Ṣùgbọ́n Dókítà Etí ò mira. Ojú tó rí yẹn, ó ti rí i rí. Ojoojúmọ́ ló ń rí i lórí àga rẹ̀: ojú ẹni tí wọ́n paná mọ́ lórí. Kò yọwọ́ lẹ́nu. Bó ṣe sọ ti àkọ́kọ́ náà ló ṣe sọ ìkejì, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Bàbá, ṣé òótọ́ ni pé ewúrẹ́ ló ń wa mọ́tò yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ ṣeun gan-an ni." Alága rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí ẹlòmíràn.

Ẹ̀rín gan mọ́ Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò lẹ́nu. Dókítà Etí sọ ọwọ́ sílẹ̀. Àṣé bàbá yìí kì í ṣe ẹlẹ́nu méjì. Kò gbọ́ aránṣọ, kò gbọ́ lọ́yà, kò sì mọ̀ pé òun gbà fún ẹnikẹ́ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí i, ojú náà ni bàbá sì ń wò kiri. Níbòmíràn àṣírí ì bá ti tú tipẹ́. Ní Ìpàdé Ká-Mọra-Wa ńkọ́? Kí ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ tó ju kéèyàn mi orí lọ? Ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan ló mọ ìpàdé ṣe jù.

Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò fà á sí kọ̀rọ̀. "O ò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan. Ó ti ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni ẹlẹ́rìí ẹ."

"Ó ní bẹ́ẹ̀ ni fún ewúrẹ́ náà."

"Tó o bá dójú ti àgbàlagbà, gbogbo wa ló máa lé jáde. Gbà á bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́. Rẹ́rìn-ín!"

"N ò ní rẹ́rìn-ín!" Inú ti bí i débi pé omi ń bọ̀ lójú rẹ̀. "Látàárọ̀ lẹ ti ní kí n má sọ nǹkan gidi, mo sì ti gbìyànjú. Ó sú mi, Bọ̀ọ̀dá. Ẹni tí mo mọ̀ pé kò gbọ́ mi, mi ò lè mú bẹ́ẹ̀ ni lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sílé. Olùtọ́jú ilé á tún dé ni."

Ó dúró títí Alága fi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ orí àtẹ̀gùn láti gba afẹ́fẹ́. Iná tàn dáadáa níbẹ̀. Dókítà Etí dúró síwájú rẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di èkejì mú kó má baà gòkè. "Bàbá," ó wí, ó rọra wí i, "ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ò gbọ́ aránṣọ, ẹ ò gbọ́ lọ́yà. Wọ́n ń sọ pé ẹlẹ́nu méjì ni yín. Èmi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Etí ni. Ẹ wá sọ́dọ̀ mi. Ìlẹ̀kùn wà lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa rí yín."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Alága. "Ta ló rán ẹ sí mi?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Etí mi ò ṣe nǹkan kan! Wọ́n ń pariwo bí ọmọ ilé ìwé nínú ibẹ̀, ta ló lè gbọ́ràn?" Ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó sọ̀ kalẹ̀, kò wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ kejì ni olùtọ́jú ilé dé pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀. Kò kanlẹ̀kùn ẹlòmíràn, ṣọ́ọ̀bù Dókítà Etí nìkan ló wọ̀. Ó wọn yàrá ìdákẹ́jẹ́ níta, ó wọ̀n ọ́n nínú, ó fìka kan pákó, ó ní, "Eléyìí nípọn o. Òòlù ńlá ló máa gbà." Dókítà Etí ṣílẹ̀kùn síta fún un. Ó wọ inú yàrá náà lẹ́yìn tí ọkùnrin yẹn lọ, ó tilẹ̀kùn, ó sunkún díẹ̀. Ibẹ̀ dára fún ẹkún.

Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò ò bá a jà. Ó ṣe ohun tó burú ju ìjà lọ, ó ń kí i. Láràárọ̀, bó bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, á kígbe láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀: "Ẹ kú òótọ́ sísọ o!" Aránṣọ àti lọ́yà gbọ́, àwọn náà dẹ́kun kíkí i pátápátá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn dún. Alága ló dúró síbẹ̀, omi ń kán lára fìlà rẹ̀.

"Mo wá wo ilé mi ni," ó wí.

"Ẹ káàbọ̀ sílé yín, bàbá."

"Olùtọ́jú ilé ní yàrá kan wà níbí tó ń bèèrè òòlù. Èwo ni?"

Dókítà Etí ṣílẹ̀kùn fún un. Bàbá wo fóòmù, ó wo àga, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó bèèrè bí iṣẹ́ ṣe rí. Dókítà Etí kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ kí bàbá lè máa rí ẹnu òun, ó bi í ní ohun tó ń bi gbogbo èèyàn: "Ta ló kọ́kọ́ sọ fún yín, ṣé ìyàwó ni àbí àwọn ọmọ?"

Alága ò rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ni," ó wí. "Ó máa ń jókòó tì mí níbikíbi, á máa tún ọ̀rọ̀ sọ fún mi lójú. Ó ti kú. Látìgbà náà, mo kàn ń ní bẹ́ẹ̀ ni."

Dókítà Etí dìde. Ó gbé ìbotí lé e létí, ó fún un ní bọ́tìnì tó máa tẹ̀ bó bá gbọ́ ìró, ó tilẹ̀kùn. Láti ojú dígí ló ti ń wò ó. Ìró ń kọjá, bàbá ò tẹ bọ́tìnì. Òmíràn ń kọjá, kò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán tó ṣílẹ̀kùn, Alága gbọ́wọ́ sókè. "Tún un tì ná," ó wí. "Jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ sí i. Níbí yìí, kò sí ohun tí mo máa díbọ́n pé mo gbọ́."

Nígbà tí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rẹ̀ dé, ó tún gba ẹ̀yìn wá, Dókítà Etí fi í sí i létí, ó kọ́ ọ bó ṣe máa lò ó. Ó gbọ́ òjò. Ó gbọ́ bàtà ara rẹ̀ nílẹ̀, ó dúró, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dúpẹ́, ó lọ. Nípa ilé, kò sọ gbólóhùn kan. Dókítà Etí náà ò bi í. Báwo ni yóò ṣe bi í? Kí bàbá wá rò pé ìdí tí òun fi tọ́jú etí rẹ̀ nìyẹn? Ọ̀rọ̀ di isó inú ẹ̀kú fún un, ó ń rù ú mọ́ra kiri, ọdún sì ń parí lọ.

Ọjọ́ ìpàdé mìíràn pé. Dókítà Etí lọ, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò tilẹ̀ lẹ bébà kankan máyà. Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò dúró tì í, ó ń fojú burúkú wò ó. Alága wọlé, fìlà bo ẹ̀rọ tó wà létí rẹ̀, ó bọ́ sáàárín èrò. Oníìlẹ̀kùn ní, "Báwo ni iṣẹ́?" Alága dúró, ó gbọ́ ọ. Ó ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Adójútòfò ní ojú ọjọ́ dáa. Ẹnì kan ní àkókò ń sáré o. Ẹlòmíràn ní àbí ẹ ò rí nǹkan. Alága ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kejì, ojú rẹ̀ ń fà ro sí i, títí ó fi dé ibi ògiri, ó fẹ̀yìn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dókítà Etí.

"Ọmọ mi," ó wí, "ṣé ohun tí wọ́n ti ń sọ látọjọ́ yìí nìyí?"

"Òun ni, bàbá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

"Mo sì ń rò pé ayé ń kọjá mi!" Ó gbọ́wọ́ sétí bíi pé kó yọ ẹ̀rọ náà dànù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ ọ́," Dókítà Etí wí. "Aránṣọ ń bọ̀."

Aránṣọ dé lóòótọ́, lọ́yà tẹ̀lé e, ojú wọn le. Wọ́n tún ẹ̀bẹ̀ wọn bẹ̀. Alága gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ẹ ti sọ èyí fún mi rí?" ó bi wọ́n. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. "Kí ni mo wí?" Wọ́n ní ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Bí mo bá ti gbà, mo ti gbà," Alága wí. "Ẹ má di ẹrù kankan mọ́." Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò sáré wá ṣe àlàyé pé òun náà ti gba tòun, bàbá sì mi orí sí i.

Ó wá kọjú sí Dókítà Etí. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo bi mí lọ́jọ́ náà tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni?"

Bọ̀ọ̀dá Fọ́tò húkọ́, ó tún húkọ́, ó ń fojú bẹ̀ ẹ́. Dókítà Etí mọ̀ pé ọwọ́ òun ti ń gòkè, ó dá a padà sílẹ̀.

"Mo bi yín bóyá ewúrẹ́ ló ń wa mọ́tò yín."

Alága ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú, àwọn yòókù ló wá ń tẹ̀lé e.

"Yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́ ńkọ́?" ó wí, ó ń nu ojú. "Kò sí nǹkan mìíràn tó o bi mí?"

"Ó wà, bàbá. Mo bi yín bóyá ẹ máa jẹ́ kí yàrá yẹn dúró."

Alága wo ojú rẹ̀, kò wo ẹnu rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wí i.